Owó òyìnbó di ẹfọ̀n fàdákà

Ẹ wo ọkọ́ àti àdá tí alágbẹ̀dẹ ń rọ ní Pobè àti Sakété. Irin ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń lò. Ohun àjèjì ni, ṣùgbọ́n ó di ọkọ́ tiwa.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Àgbómè láyé ọba Gezo (1818-1858) àti ọmọ rẹ̀ Glele (1858-1889). Ìdílé Hountondji ń rọ nǹkan fún ọba. Owó fàdákà tí òyìnbó kó wá ni wọ́n ń yọ́ nínú iná. Wọ́n á lù ú títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Wọ́n á gbẹ́ igi ní àwòrán ẹranko, wọ́n á fi fàdákà bò ó, wọ́n á fi ìṣó kéékèèké kàn án. Ti òyìnbó ni fàdákà. Ti ilé ọba ni ìtumọ̀ rẹ̀: ẹfọ̀n dúró fún Gezo, kìnnìún dúró fún Glele.

Akati Ekplekendo náà fi irin ilẹ̀ òyìnbó rọ ère Gu, ẹni tí àwa ń pè ní Ògún. Ohun èlò kéékèèké pọ̀ lórí fìlà rẹ̀. Àwọn Faransé gbé ère náà lọ ní 1894. Ní 2000 ni wọ́n gbé e sí Louvre ní Paris. Nígbà tí Faransé dá ohun 26 padà fún wa ní 2021, ère yìí kò sí nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bèèrè: kí ni ọba tà kí ó tó rí owó fàdákà? Ó ta epo pupa. Ó ta ènìyàn pẹ̀lú. Àwọn ará wa Nàgó wà nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ní 1886, ogun Glele fọ́ ìlú Kétu.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí iṣẹ́ yìí, ẹ yin ọwọ́ tó ṣe é, torí ọgbọ́n rẹ̀ kì í ṣe ti àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn tí a fi ra fàdákà náà. Ẹ lọ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ nípa ogun náà. Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà sọnù.