Ẹ Fẹ́ Yọ Díràmù Ìjàpá, Kẹ́ ẹ Fi Bíréèkì Díìsìkì Sí I? Ohun Tó Yẹ Kẹ́ ẹ Mọ̀ ní Kaduna

Ọkọ̀ Volkswagen tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìjàpá ò tíì tán nílẹ̀. Ẹlòmíì jogún tiẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, ẹlòmíì sì rà á nítorí pé ó wù ú. Tí wọ́n bá ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí wọ́n kùn ún tán, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: "Ọ̀gá, ṣé a ò lè yí bíréèkì ẹ̀ sí ti ìgbàlódé?" Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kì í ṣe ká kàn ra díìsìkì, ká dè é mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ohun tó so láti ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ táyà, nǹkan kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀. Tí apá kan bá kù díẹ̀ káàtó, gbogbo ẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Àwa tá à ń ti Kaduna gba Abuja àti Lọ́kọ́ja, tàbí Jẹ́bbà àti Ìlọrin, lọ sílé lásìkò ọdún mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ìjàpá àti Peugeot

Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá l'Ékòó. Ọdún yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ Peugeot, ìyẹn PAN, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna níbí. Ọkọ̀ méjèèjì gba ìgboro kan, ṣùgbọ́n bíréèkì wọn yàtọ̀. Ìjàpá tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, díràmù ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Peugeot 504 ní tiẹ̀, díìsìkì ló wà níwájú. Ìdí nìyẹn tí díìsìkì ò fi ṣàjèjì sí mẹkáníìkì Kaduna. Kódà, tó bá jẹ́ Hausa ni bákánìkè yín, tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ "birki", ó ti mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ.

Díìsìkì fúnra ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ọdún 1902 ni Frederick Lanchester, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Jaguar tó ní díìsìkì gbégbá orókè nínú eré wákàtí 24 ti Le Mans ní Faransé lọ́dún 1953, ojú gbogbo ayé là sí i.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Díràmù dà bí ìkòkò irin tó ń yí pẹ̀lú táyà. Bíréèkì ṣúù méjì wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á ti wíìlì sílíńdà, ìyẹn á ti ṣúù síta, ṣúù á ha mọ́ ara díràmù, ọkọ̀ á dúró. Ooru ni wàhálà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ooru á há sínú, díràmù á fẹ̀ díẹ̀, líńnì ò sì ní mú bó ṣe yẹ mọ́. Tí omi òjò bá wọ inú ẹ̀, ó lè máa yọ̀, tàbí kí ọkọ̀ máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ sì gbọ́dọ̀ máa sún ṣúù mọ́ díràmù látìgbàdégbà bí líńnì bá ṣe ń jẹ.

Díìsìkì jẹ́ awo irin pẹlẹbẹ tó wà ní gbangba. Kálípà gbá a mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, pádì méjì á fún un lọ́tùn-ún lósì. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ooru ń jáde, omi sì ń fọ́n dànù bó ṣe ń yí. Pádì máa ń sún mọ́ra fúnra ẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: díràmù ní oore kan tí díìsìkì ò ní. Bí díràmù ṣe ń yí, ó máa ń fa ṣúù mọ́ra, ó ń bá ẹsẹ̀ yín ṣiṣẹ́. Díìsìkì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjàpá ò sì ní ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ bíi ti ọkọ̀ òde òní. Torí náà, tí bíréèkì tuntun bá le díẹ̀ lẹ́sẹ̀, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́.

Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ti tó

Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹrù ọkọ̀ á sún síwájú. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ fi díìsìkì síwájú, kẹ́ ẹ fi díràmù sílẹ̀ lẹ́yìn. Ara díràmù ẹ̀yìn yẹn náà ni wáyà hánbíréèkì so mọ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti dá wàhálà míì sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó rajà

Ẹ ka nọ́ọ̀tì ríìmù. Ìjàpá kan ní márùn-ún, òmíràn ní mẹ́rin. Díìsìkì tẹ́ ẹ máa rà gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹsẹ̀ iwájú náà pé oríṣi méjì: èyí tó ní kíńpíìnì àti èyí tó ní bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì. Ẹrù ọ̀kan ò wọ èkejì. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo abẹ́ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹrù tó pé gbọ́dọ̀ ní díìsìkì méjì, kálípà méjì, pádì, irin tó gbé kálípà dúró, bíárìnnì àti họ́ọ̀sì rọ́bà. Wáyà tó ń yí míńtà ìsáré gba inú ẹsẹ̀ iwájú òsì kọjá. Ìdérí ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ihò fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ míńtà ò ní ṣiṣẹ́.

Másítà sílíńdà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Másítà ọkọ̀ onídíràmù máa ń ní fáàfù kékeré tó ń dá agbára díẹ̀ dúró sínú páìpù. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà díìsìkì, pádì ò ní tú sílẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ á gbóná, ẹ ó sì máa jẹ epo lásán. Tó bá jẹ́ másítà onílà kan ló ṣì wà lára ọkọ̀ yín, àkókò yìí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ bọ́ sí onílà méjì. Tí páìpù kan bá bẹ́ lójú ọ̀nà, ìlà kejì á ṣì dá ọkọ̀ dúró.

Ẹ má ṣe báyìí

Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ yọ díìsìkì 504 tòkúnbọ̀, kí wẹ́dà jó o mọ́ Ìjàpá, ẹ sọ pé rárá. Ibi tí nọ́ọ̀tì ríìmù 504 wà ò dọ́gba pẹ̀lú ti Ìjàpá, ríìmù wọn gan-an ò dọ́gba. Àwọn oníṣẹ́ irin Panteka mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, àmọ́ irin tó gbé kálípà dúró kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jó. Tó bá já lójú eré, kò sí ohun tó kù tó máa dá ẹsẹ̀ yẹn dúró.

Bíréèkì ọ́ìlì nìkan ni kẹ́ ẹ lò, DOT 3 tàbí DOT 4. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń wú rọ́bà, omi ọṣẹ ń mú irin dípẹtà, ó sì lè hó nínú páìpù. Bíréèkì ọ́ìlì fúnra ẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, torí náà ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún méjì-méjì.

Tí wọ́n bá tú díràmù àtijọ́, kí wọ́n má ṣe fẹ́ eruku inú ẹ̀ dànù. Líńnì àtijọ́ lè ní asbestos, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n sì fi àkísà nù ún.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán

Kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà wá sí èyí tó sún mọ́ ọn jù. Tí bíréèkì bá ṣì rọ̀ bíi fóòmù lábẹ́ ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ má gbé e jáde.

Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tó dá. Ẹ sáré díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, kí pádì àti díìsìkì lè mọ ara wọn. Ẹ wò ó bóyá ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń di ṣáájú tiwájú, bóyá táyà ń ha ara ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ dópin. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ padà lọ wo gbogbo nọ́ọ̀tì àti ojú páìpù bóyá ó ń jò.

Ta ló yẹ kó ṣe é?

Tó bá jẹ́ àárín Barnawa àti Sabon Tasha lẹ ń lò ó sí, ẹ kọ́kọ́ tún díràmù tó wà níbẹ̀ ṣe: líńnì tuntun, wíìlì sílíńdà tí kò jò, họ́ọ̀sì tuntun, ọ́ìlì tuntun. Díràmù tó pé sàn ju díìsìkì ìdajì lọ, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Tó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn, tẹ́ ẹ máa ń kó ìyàwó àtọmọ sínú ẹ̀, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti lágbára ju ti tẹ́lẹ̀, díìsìkì iwájú tó owó ẹ̀. Ẹ bèèrè iye gbogbo ẹrù àti iṣẹ́ lápapọ̀ kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Tówó ò bá tíì pé, ẹ dúró títí á fi pé.