Àwọn Ọmọ Áfíríkà Tí Wọ́n Sùn sí Ilé Ìjọsìn Àtijọ́ Ilẹ̀ Ítálì

Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 tí a ti sin Póòpù Francis sí básílíkà Santa Maria Maggiore ní ìlú Róòmù, èrò kò wọ́n níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá wọlé yóò rí i pé ọwọ́ òsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yà sí, nítorí ibẹ̀ ni ibojì náà wà: òkúta pẹlẹbẹ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ní èdè Látìn, láìsí ọ̀ṣọ́ púpọ̀. A kò ní kí ẹ má yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé ọ̀wọ́n, bí ẹsẹ̀ yín bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú, kí ẹ dé iyàrá ìrìbọmi bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí. Ère ọkùnrin dúdú kan ń bẹ níbẹ̀, láti orí dé àyà. Òkúta dúdú ni a fi gbẹ́ ojú rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ rí bí àwọ̀n, apó ọfà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Kóńgò ni.

António Manuel Ne Vunda ni orúkọ rẹ̀. Ikọ̀ ọba ni. Álvaro II, ọba Kóńgò, ni ó rán an sí Póòpù. Nígbà náà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọba Kóńgò ti gba ẹ̀sìn Kristi, ṣùgbọ́n ọba Pọ́túgàl ni ó di ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àti àlùfáà wọn mú lọ́wọ́. Álvaro fẹ́ bá Póòpù sọ̀rọ̀ láìgba ẹnu alárinà. Ọdún 1604 ni Ne Vunda gbéra. Ó gba Brazil kọjá; àwọn ajalèlókun ará Hóláńdì kọlù wọ́n, wọ́n sì kó wọn lẹ́rù. Ó dé Lisbon, ó dé Madrid, wọ́n dá a dúró pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ kúrò nílé ni kò bá a dé òpin ìrìn náà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1608 ni ó tó wọ Róòmù, àìsàn sì ti wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ láti gbà á tayẹyẹ-tayẹyẹ ní ọjọ́ ọdún Ìfihàn, ọjọ́ tí a ń rántí àwọn amòye tí wọ́n ti ìlà-oòrùn wá kí Jésù ọmọ ọwọ́. Kò rí ọjọ́ náà. Póòpù Paul V lọ bẹ̀ ẹ́ wò lórí ibùsùn, ó súre fún un, ikọ̀ náà sì kú. Ètò ìgbàlejò di ètò ìsìnkú.

Francesco Caporale ni ó gbẹ́ ère náà. Iṣẹ́ tí ó dára ni, ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ohun tí mo ń rò nígbàkúùgbà tí mo bá rántí ojú yẹn ni pé ìlú tí kò ráyè gbọ́ iṣẹ́ tí a rán ọkùnrin náà ráyè fi òkúta dáradára ṣe é lẹ́yẹ. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ ti yí po: ilé àdúrà tí Paul V kọ́ sínú básílíkà yìí, tí a sì sin òun náà sí, ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì Francis tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ wò.

Àwa Yorùbá tí a ń rìnrìn àjò lọ wo ilé ìjọsìn àtijọ́ ní Ítálì sábà máa ń wọ ibẹ̀ bí àlejò tí ó wọ ilé onílé. Ẹ̀sìn òyìnbó ni, iṣẹ́ ọwọ́ òyìnbó ni. A ó gbójú sókè wo òrùlé, a ó ya fọ́tò, a ó jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti àríwá dé gúúsù ilẹ̀ náà, egungun àwọn ọmọ Áfíríkà wà lábẹ́ pẹpẹ. Wọn kò gba ọ̀nà kan náà débẹ̀. Ẹlòmíràn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ẹlòmíràn ni a fowó rà, ẹlòmíràn ni a jí gbé, ẹlòmíràn ni a bí fún àwọn tí wọ́n wà lóko ẹrú níbẹ̀. Ọ̀nà tí oníkálukú gbà dé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a máa bèèrè, nítorí òkúta kì í fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Ostia, èbúté Róòmù àtijọ́, ni Monica, ìyá Augustine, kú sí ní ọdún 387. Ilẹ̀ tí à ń pè ní Àljíríà lónìí ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn padà sílé nígbà tí ibà mú ìyá. Augustine kọ ìtàn náà sínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ti tọ́jú ààyè sílẹ̀ nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kejì sì ń fẹ́ kí ó má kú sí ilẹ̀ àjèjì. Ṣùgbọ́n ìyá ní kí wọ́n sin òun síbi tí ó bá bọ́ sí, kí wọ́n ṣáà máa rántí òun níbi pẹpẹ. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ bí a ti ń náwó-nára kí a lè gbé òkú ìyá tàbí bàbá ti òkèèrè wá sílé yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Ní ọdún 1430 ni a gbé egungun rẹ̀ lọ sí Róòmù, inú ìjọ Sant'Agostino ni ó wà títí di òní. Ní Ostia ẹ̀wẹ̀, ní ọdún 1945, àwọn ọmọdékùnrin méjì ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọ kékeré Sant'Aurea kí wọ́n lè ri òpó eré wọn mọ́lẹ̀, ni wọ́n bá kan àfọ́kù òkúta ibojì rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ rìn jìnnà jù ú lọ, lẹ́yìn ikú. Ìlú Milano ni Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ti ṣe ìrìbọmi fún Augustine ní òru Àjíǹde ọdún 387 kan náà. Ọ̀pọ̀ àlejò ní ń sáré gun òrùlé kàtídírà ńlá Milano láti wo ìlú. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹ ó rí àwókù ilé ìrìbọmi náà, onígun mẹ́jọ, lábẹ́ ilẹ̀. Augustine padà sí Áfíríkà, ó di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, ó sì kú níbẹ̀ ní ọdún 430, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Vandal ti dó ti ìlú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ sá lọ sí erékùṣù Sardinia. Ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà, Liutprand, ọba àwọn Lombard, san owó ńlá kí ó lè gbé e wá sí olú ìlú rẹ̀, Pavia.

Pavia kò ju ìrìn kúkúrú nínú ọkọ̀ ojú irin láti Milano. Ìjọ tí ẹ ó bèèrè ni San Pietro in Ciel d'Oro, èyí tí ó túmọ̀ sí Pétérù ti Ojú Ọ̀run Wúrà. Ẹ má lọ ní ọ̀sán gangan, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ìjọ Ítálì ní ń tilẹ̀kùn nígbà náà. Ẹ sì bo èjìká àti orúnkún yín. Lókè pẹpẹ ni pósí òkúta funfun tí a gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá wà, ère wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀ bámúbámú. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Augustine ni Póòpù Leo XIV, tí a yàn ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ti jáde wá.

Ní Verona, ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ sọ pé Zeno, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà ní ọ̀rúndún kẹrin, wá láti àríwá Áfíríkà. Ère rẹ̀ nínú básílíkà rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹja kan sì so rọ̀ lára ọ̀pá rẹ̀. Inú mi a máa dùn sí ère náà; ẹni mímọ́ tí ń rẹ́rìn-ín kò pọ̀.

Ti Venice yàtọ̀. Àwọn Kristẹni Íjíbítì gbà pé ọmọ Kirene, ní ilẹ̀ Líbíà òde òní, ni Máàkù, òun ni ó sì dá ìjọ Alẹkisáńdíríà sílẹ̀. Ìtàn àwọn ará Venice fúnra wọn ni pé ní ọdún 828, àwọn oníṣòwò wọn jí òkú rẹ̀ gbé ní Alẹkisáńdíríà. Wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bò ó kí àwọn aṣọ́bodè Mùsùlùmí má baà fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà wa máa ń bèèrè pé olè tí ó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Venice fọn ọ́n ní gbàgede ọjà. Òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà ni wọ́n fi tò ìtàn olè náà sára básílíkà San Marco, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti gbogbo rẹ̀, bí ẹni tí ń yangàn. Àwọn ẹṣin idẹ mẹ́rin tí wọ́n kó ní Constantinople ní ọdún 1204 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Napoleon jí wọn lọ sí Paris ní 1797, wọ́n sì dá wọn padà ní 1815. Ti Máàkù pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún 1968 ni Póòpù Paul VI tó dá díẹ̀ nínú egungun rẹ̀ padà fún ìjọ Íjíbítì, ní ìlú Káírò.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun gúúsù, sí Palermo ní erékùṣù Sísílì. Àwọn òbí Benedict jẹ́ ẹrú tí a kó láti Áfíríkà; olówó wọn ṣèlérí pé àkọ́bí wọn kò ní jẹ́ ẹrú. Àkọ́bí náà ni Benedict. Ó di ọmọ ẹgbẹ́ Francis ní ilé ìjọsìn Santa Maria di Gesù, ó ń se oúnjẹ fún wọn. Kò mọ̀wé kà, kì í ṣe àlùfáà, síbẹ̀ wọ́n yàn án ṣe olórí ilé náà. Nígbà tí sáà rẹ̀ parí, ó padà sídìí ààrò. Ó kú ní ọdún 1589, ọdún 1807 ni a sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́.

Òun ni ó kàn wá jù nínú gbogbo wọn. Kí ó tó di pé Róòmù kéde rẹ̀ rárá ni àwọn ẹrú dúdú ní Brazil ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, nínú ìjọ tí wọ́n ń fi owó ara wọn kọ́. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lọ sí Bahia bá a níbẹ̀: ẹni mímọ́ dúdú tí ó gbé ọmọ Jésù lọ́wọ́. Nínú àwọn tí wọ́n ti Brazil àti Cuba padà wá sí Èkó ni a ti rí orúkọ náà Àgùdà, tí ó wá di orúkọ tí a fi ń pe gbogbo ọmọ ìjọ Kátólíìkì láàárín wa.

Ní oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí ooru mú jọjọ ní Sísílì, iná igbó jó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wọ ìjọ Santa Maria di Gesù. Òrùlé jó, pẹpẹ jó, òkú Benedict tí wọ́n ti ń tọ́jú fún ohun tí ó lé ní irínwó ọdún sì bá iná náà lọ. Egungun díẹ̀ ni wọ́n rí ṣà nínú eérú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kí i ní Palermo, kí ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá ilẹ̀kùn ti ṣí.