Àlàbá Wo Lẹ̀ Ń Lọ? Orúkọ àti Ibi nínú Ìgbékalẹ̀ Sọ́fítíwíà Ìrìn-àjò

Ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀lé Ìdòwú ni Àlàbá. Nínú agbo ilé ńlá, Àlàbá lè pé mẹ́ta, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í ṣì wọ́n pè, nítorí a ó ní Àlàbá aláṣọ, Àlàbá pupa, Àlàbá ilé ẹ̀yìn. Orúkọ àmútọ̀runwá nìkan kì í dáni yàtọ̀. Ohun tí a fi kún un ló ń dáni yàtọ̀. Èrò mi ni pé ibi tí sọ́fítíwíà ìrìn-àjò ti ń ṣi ni lọ́nà ní Èkó gan-an nìyí: àwọn tó gbé e kalẹ̀ ka orúkọ ibi kún ibi náà fúnra rẹ̀.

Ní òpin àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ kó kúrò ní Àlàbá-Oro, lápá Ajérọ̀mí, lọ sórí ilẹ̀ Àwórì ní Ọ̀jọ́. Orúkọ bá wọn kẹ́rù. Ọjà tuntun náà di Àlàbá International, tó ń fa èrò láti Kútọnu, Lomé àti Akra. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀hún kò tíì kúrò níbi tí wọ́n ti gbé e wá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, ọ̀kan nínú ibùdó márùn-ún rẹ̀ ń jẹ́ Sùúrù-Àlàbá. Ẹni tó ń ti Marina bọ̀ yóò kan ibùdó yìí kó tó dé Mile 2. Ọjà ẹ̀rọ wà níwájú, lẹ́yìn Mile 2, lápá ọ̀nà Badagry. Lápá ibẹ̀ náà ni Àlàbá Ràgó wà, ọjà tí wọ́n fi orúkọ tí Hausa ń pe àgbò dá mọ̀.

Mo dúró ní Mile 2 ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà kan tó di fóònù mú. Ọmọ rẹ̀ ti tẹ "Àlàbá" ránṣẹ́ sí i, kò fi nǹkan kan kún un. Àmì pupa orí máàpù ń tọ́ka sẹ́yìn wa, síbi tí ojú irin ti wá. Kọ́ńdọ́ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dáńfó, ó ń pariwo: "Volks! Ìyànà-Ìbà! Okoko!"

"Ọmọ mi, ṣé o ó gbé mi dé Àlàbá?"

"Àlàbá wo lẹ̀ ń lọ, Màmá? Ti Ràgó àbí ibi tí wọ́n ti ń ta TV?"

"Ibi tí wọ́n ti ń ta fìríìjì."

"Ẹ wọlé, mà. Màá fi ibi tẹ́ ẹ ti máa wọ kẹ̀kẹ́ hàn yín."

Ìbéèrè kan péré ni, fóònù kò sì bi í. Kọ́ńdọ́ mọ̀ pé orúkọ kan lè ru ibi púpọ̀, ó sì fi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yà wọ́n.

Ìgbékalẹ̀ tó bá fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ya nǹkan sọ́tọ̀. Ibi yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti àmì rẹ̀ lórí ilẹ̀, nọ́ńbà tí kì í yí padà. Orúkọ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ àkọsílẹ̀ tó dá dúró, tó ń tọ́ka sí nọ́ńbà náà, tó sì ń sọ ẹnu ẹni tó ti jáde àti ìgbà tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. OpenStreetMap, máàpù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ti rìn dé ìdajì ọ̀nà yìí: nọ́ńbà ló dá ibi mọ̀, orúkọ kàn jẹ́ àlẹ̀mọ́ ni, àyè sì wà fún orúkọ àtijọ́. Lójú tèmi, èyí kò tó. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Ìjàpá pọ̀ ní 1975 kò sí lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì mọ́, síbẹ̀ "Volks" ṣì wà lẹ́nu kọ́ńdọ́ láràárọ̀. Orúkọ àtijọ́ kọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Okoko" kì í ṣe àṣìpè Okokomáìkò. Orúkọ tí ọ̀nà fún un ni.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba kọ orúkọ kan ṣoṣo sára pátákó, kí sọ́fítíwíà sì tẹ̀ lé e. Ìrírí Nairobi kò ti èyí lẹ́yìn. Google àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò TriMet ti Portland ló dá ìlànà dátà GTFS sílẹ̀ ní nǹkan bí 2005, fún bọ́ọ̀sì tó ní àkókò àti ibùdó pàtó. Nígbà tí Yunifásítì Nairobi, MIT àti Columbia gbé e dé ọ̀dọ̀ matatu, ìyẹn dáńfó ti ibẹ̀, tí wọ́n sì gbé dátà wọn jáde ní 2014, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti fi fóònù kó o jọ, wọ́n sì ka ibi tí èrò ń bọ́ sí kún ibùdó, ì báà má ní pátákó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn tuntun nípa ibi kan kò gbọdọ̀ pa èyí tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́. Ní 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ilé kan tó ti di ẹgẹrẹmìtì nínú Àlàbá International. Ẹni tó ti Lomé bọ̀ pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ nílò kí sọ́fítíwíà sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù yẹn wà rí, pé wọ́n wó o, àti ọjọ́ tí ìròyìn náà dé. Bí a bá kọ tuntun lé ti àná, ohun tó máa rí ni pé kò sí irú ibẹ̀, yóò sì rò pé òun ló ṣìnà.

Okokomáìkò ni wọ́n fẹ́ kí Blue Line dé. Bó bá kọjá Mile 2, ibùdó tuntun yóò dìde nítòsí ọjà, ẹnu èrò yóò sì pe ọ̀kan níbẹ̀ ní Àlàbá, ohun yòówù tí pátákó ìbáà sọ. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ ìpìlẹ̀, àkọsílẹ̀ kan péré la ó fi kún un, ojú fóònù yóò sì bi ìyá náà kó tó san owó ọkọ̀: Àlàbá wo lẹ̀ ń lọ?