Awò Òru Àwọn Awakọ̀ Hẹlikọ́pítà: Ohun Tó Fún Wọn, Ohun Tó Gbà Lọ́wọ́ Wọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ohun tí a sọ lórí ètò náà gan-an nìyí, a kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù ọwọ́ yín. Ẹ pa iná yàrá, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ ya fọ́tò. Fóònù á ní kẹ́ ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ọwọ́ yín má gbọ̀n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, fọ́tò á jáde, yàrá á sì mọ́lẹ̀ ju bí ojú yín ṣe rí i lọ. Ohun tí fóònù ń ṣe ni pé ó ń dúró kó ìmọ́lẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀. Ó dáa. Ẹ wá rò ó pé inú hẹlikọ́pítà lẹ wà, ẹ ń sáré gba orí igi kọjá lóru, kò síná kankan níta. Ta ló máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta? Igi á ti gbá yín.

Ohun tí àwọn ológun ń lò ni awò òru, tí wọ́n ń gbé kọ́ iwájú akoto, ojúhò kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ táṣẹ́rẹ́ láti ara òṣùpá àti ìràwọ̀ á wọ inú rẹ̀, á kan ohun kan tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di electron. Àwọn electron yìí á gba inú gíláàsì pẹlẹbẹ kan tí ihò inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kọjá. Bí wọ́n ṣe ń gbá ara ògiri ihò náà ni wọ́n ń pọ̀ sí i, ẹyọ kan á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Tí wọ́n bá jáde, wọ́n á lu síkíríìnì kékeré kan tó ń tàn ní àwọ̀ ewé. Nítorí náà, kì í ṣe ayé ni awakọ̀ yẹn ń wò o. Síkíríìnì kékeré méjì ló ń wò.

Èyí tí àwọn awakọ̀ hẹlikọ́pítà Amẹ́ríkà kọ́kọ́ lò káàkiri ni AN/PVS-5. Ìgbà tó dé ní àwọn ọdún 1970, kì í ṣe awakọ̀ òfurufú ni wọ́n ṣe é fún. Ṣọ́jà tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó ń wa mọ́tò lórí ilẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Awò náà bo ojú pátápátá bíi ti ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ òkun lọ. Ó fẹ́ tó kílò kan, iwájú orí sì ni gbogbo ìwúwo yẹn wà.

Ìwúwo kọ́ ló burú jù. Ojú ènìyàn lásán lè mọ ohun tó ń lọ ní nǹkan bíi dígírì 200, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Awò yìí fi dígírì 40 péré sílẹ̀. Ẹ ká ọwọ́ méjèèjì bíi páìpù, ẹ gbé e sójú, kẹ́ ẹ wá rìn láti pálọ̀ dé kíṣíìnì. Ẹ má bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ kọ àga. Tí awakọ̀ bá sì ti yí awò náà kó lè rí ọ̀nà jíjìn, dáṣíbọ́ọ̀dù iwájú rẹ̀ á di bàìbàì. Iná pupa inú ọkọ̀ náà tún ń da awò láàmú, á kàn tàn gbòò bo gbogbo rẹ̀.

Awò yìí ni wọ́n gbé lọ sí Iran ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1980. Hẹlikọ́pítà mẹ́jọ gbéra láti orí ọkọ̀ ogun Nimitz lọ gba àwọn ará Amẹ́ríkà 53 tí wọ́n mú mọ́lẹ̀ ní Tehran. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi fò pẹ̀lú awò lójú, kò síná, wọn ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Wọ́n wá já wọ inú eruku aṣálẹ̀ tó rọ̀ sójú sánmà bí ìkúùkù. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ pé awò òru kì í ṣe idán: ìmọ́lẹ̀ ló ń kó jọ, kò lè la eruku kọjá. Hẹlikọ́pítà kan bàjẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n fi í sílẹ̀ sínú aṣálẹ̀. Òmíràn ṣẹ́rí padà nínú eruku. Ẹ̀kẹta bàjẹ́ nígbà tó dé ibi ìpàdé. Ó ku márùn-ún, mẹ́fà sì ni wọ́n nílò, ni wọ́n bá pa iṣẹ́ náà tì. Bí wọ́n ṣe ń múra àtikúrò, tí abẹ̀bẹ̀ ń da eruku bolẹ̀, hẹlikọ́pítà kan forí sọ bàálù C-130. Èèyàn mẹ́jọ ló kú.

Mi ò sọ pé awò ló pa wọ́n o. Ohun tó kùnà lóru yẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun hẹlikọ́pítà kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ òru gan-an, ìyẹn Night Stalkers, ní Fort Campbell. Awò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àtúnṣe àkọ́kọ́ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: wọ́n kàn gé ìsàlẹ̀ ìbòjú AN/PVS-5 kúrò ni, kí awakọ̀ lè fi ojú lásán yọjú wo dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná aláwọ̀ búlúù tó jọ ewé rọ́pò iná pupa.

Lẹ́yìn náà ni AN/AVS-6 dé, tí wọ́n ń pè ní ANVIS. Eléyìí, awakọ̀ òfurufú ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Gallium arsenide ni wọ́n fi ṣe ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ìràwọ̀ nìkan náà tó o. Ó ṣeé gbé sókè kúrò lójú, bátìrì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn akoto kó lè bá iwájú dọ́gba. Dígírì 40 yẹn ni kò kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1988, Black Hawk méjì forí sọra nínú ìdánrawò òru ní Fort Campbell, àwọn awakọ̀ sì ń lo awò òru. Ṣọ́jà 17 ló kú, kò sì sógun níbì kankan. Ní California, Edward Humes, akọ̀ròyìn Orange County Register, ń tọpa àwọn hẹlikọ́pítà tó ń já lóru lábẹ́ awò yìí. Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn ni pé ta ló lẹ̀bi: ṣé awakọ̀ ni àbí awò? Ní 1989, Humes gba ẹ̀bùn Pulitzer fún ìròyìn rẹ̀ nípa àwọn ológun ní Gúúsù California. Èrò tèmi ni pé tó o bá gba ẹ̀gbẹ́ ojú lọ́wọ́ ènìyàn, o ò lè máa bi í pé kí ló dé tí kò wo ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún jí dìde ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tí Black Hawk kan àti bàálù elérò kan forí sọra lókè odò Potomac ní Washington, tí èèyàn 67 kú. Àjọ NTSB tó ń wádìí jàǹbá náà sọ pé ó jọ pé àwọn tó wà nínú hẹlikọ́pítà náà ń lo awò òru.