Àpótí Inú Balùwẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ọ̀rọ̀ làákàyè nìkan ni òwe náà ń sọ, pé àgbà a máa wádìí ohun tó gbé òun ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ìyá arúgbó dìde nílẹ̀ balùwẹ̀ rí, tí omi ọṣẹ ṣì ń kán lára rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò ní ìbàdí, yóò mọ̀ pé òwe náà ní ìtumọ̀ mìíràn tó sún mọ́ ilẹ̀ ju ìyẹn lọ. Èmi náà wo ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi nínú ilé wa, mo sì wò ó títí dé agbo ilé tí wọ́n gbé bí i.

Ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ àtijọ́ máa ń wà. Kò ju imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi igi dè yí ká lọ, tàbí ògiri amọ̀ tí kò ga ju èjìká, tí kò ní òrùlé, tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń wọ̀ bí wọ́n ti fẹ́. Yangí àti èésan ni a dà sílẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà sí, òkúta pẹlẹbẹ kan sì wà láàárín. Ọmọdé lè dúró wẹ̀. Àgbà kì í dúró wẹ̀. Ìyàwó ilé ni yóò ti gbé omi kaná, tí yóò bu omi tútù lé e títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí yóò gbé àpótí kalẹ̀, tí yóò fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú sí ibi tí ọwọ́ lè tó o, kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó fi ọwọ́ di òpó igi mú, kó sì rọra jókòó. Bó bá kan ẹ̀yìn, ọmọ-ọmọ obìnrin ni ìyá yóò ké sí: “Wá bá mi fọ ẹ̀yìn.” Ìyá yìí kan náà ló ti na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó tẹ́ ọmọ náà lé ojúgun, tó wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní jòjòló; bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, kò sì sí ẹni tó ka ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gàn. N kò pọ́n ayé àtijọ́ ju bó ti yẹ lọ o: lálẹ́ òjò, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kò dára fún ẹsẹ̀ àgbà, iná fìtílà kì í sì í fi ejò hàn bọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n ilẹ̀ tí kì í yọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ifẹ̀ Oòdáyé níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ilẹ̀ àgbàlá tí a fi àpáàdì tẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: wọn kò tẹ́ àpáàdì náà ní pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi rì í mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà bí egungun ẹja. Ìtàn ìlú wí pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ba aṣọ òun jẹ́. N kò sọ pé balùwẹ̀ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ àpáàdì sókè mọ ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń fẹ́ ju ẹni tó ń ta táìlì dídán fún wa lónìí.

Sìmẹ́ǹtì dé, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Èyí tó ṣe àgbà ní jàǹbá ju ilẹ̀ lọ ni pé agbo ilé tú. Ní Èkó, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ̀rẹ̀ ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe; nígbà tó sì di 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín ìlú náà, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì tó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ó sì fi hàn pé àwọn tí wọ́n kó lọ jìnnà sí ẹbí, owó ọkọ̀ sì mú kí àbẹ̀wò dín kù. Ìyá tó ti ń ké sí ọmọ-ọmọ láti inú balùwẹ̀ wá ń ké sí ògiri. Láàárín ìgbà náà ni ilé bíi ti Bódìjà ní Ìbàdàn gbé balùwẹ̀ wọnú ilé. Ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú. Àpótí nìkan ni kò bá wọn wọlé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ri báàtù mọ́lẹ̀, ohun tí ènìyàn ní láti gbé ẹsẹ̀ gíga kó tó wọ̀, bí ẹni pé orúnkún kì í gbó.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ronú nípa irú èyí: Amẹ́ríkà kọ́kọ́ tẹ ìlànà ìkọ́lé fún ìrọ̀rùn àwọn aláàbọ̀ ara jáde ní 1961, Timothy Nugent ti University of Illinois sì ni aṣáájú iṣẹ́ náà. Tiwa, òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, gba ìbuwọ́lù Ààrẹ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ló kàn lórí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, kò kan balùwẹ̀ ìyá mi.

Nítorí náà bíríkìlà la pè. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kí irin tí a ń fi táwẹ̀lì kọ́ ṣe ohun ìdìmú. Mo ní kó fi ọwọ́ kan fà á, ó sì já lé e lọ́wọ́. Ó wá gbẹ́ ògiri títí kan búlọ́ọ̀kù, ó fi bóòtù de irin tó nípọn mọ́ ọn, ó tẹ́ táìlì tí ojú rẹ̀ rí págunpàgun, ó yí ìlẹ̀kùn kó máa ṣí síta, kí ẹni tó bá ṣubú má baà fi ara dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á là, a sì yọ kọ́kọ́rọ́ inú kúrò. Mo ra àga oníke ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí rọ́bà wà ní ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ìyá mi wọlé, ó fa irin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó. A gbọ́ ìró omi fún ìgbà díẹ̀, ó sì dákẹ́. Gbogbo wa dìde. Ohùn rẹ̀ ló ti inú balùwẹ̀ jáde, ó ń ké sí ọmọ mi obìnrin pé kó wá bá òun fọ ẹ̀yìn.