Jíìpù Tòkunbọ̀ Lójú Ọ̀nà Kòkó Ìjàrè

Jíìpù ni wọ́n ń pe gbogbo mọ́tò gíga tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ì báà jẹ́ Jeep gan-an, ì báà sì jẹ́ Toyota. Ogun àgbáyé kejì ni Amẹ́ríkà tìtorí rẹ̀ ṣe Jeep láti 1941. Lẹ́yìn ogun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn, Land Rover, wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e síta ní Amsterdam ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, 1948. Irin ṣọ̀wọ́n nígbà náà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Irin ni férémù abẹ́ rẹ̀.

Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kòkó Ìjàrè ń fẹ́. Ìjàrè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́.  Ẹrẹ̀ ni ìṣòro ọ̀nà ibẹ̀. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 kò yà sí Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, nítorí náà orí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ru kòkó, kí lọ́rì tó gbà á. Ṣùgbọ́n títì ni lọ́rì ń fẹ́, ọ̀nà oko kì í sì í ṣe títì. Ilẹ̀ pupa ni, òjò sì máa ń rọ̀ sí i láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹwàá, nígbà tí wọ́n ń ká kòkó ńlá. Ìgbà tí owó ń bọ̀ lóko gan-an ni ọ̀nà oko ń bàjẹ́ jù.

Ìjọba ló kọ́kọ́ ń gun Land Rover ní ilẹ̀ kòkó: ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn tún wá ń to ó pọ̀ nígbà tó yá. Èyí tó bá gbó, wọ́n a lù ú ní gbàǹjo, olóko tó lówó lọ́wọ́ a sì rà á.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, 1972, Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún títì. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ojú pópó lásán, àmọ́ òun ló pinnu ibi tí mọ́tò àlòkù yóò ti máa wá. Mọ́tò ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Japan, tí ọwọ́ ìdarí wọn wà lápá ọ̀tún, kò bá ọ̀nà wa mu mọ́. Ó ku ilẹ̀ bí Amẹ́ríkà, Kánádà, Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì, ibi tí yìnyín ti ń já bọ́ lọ́dọọdún.

Nígbà tí ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, apá àgbẹ̀ àti tíṣà kò sì ká mọ́tò tuntun mọ́. Ọjà mọ́tò àlòkù ṣí lọ sí Kùtọnú ní ilẹ̀ Benin. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, Tòkunbọ̀, ni wọ́n sọ mọ́tò àlòkù tó ń tòkè òkun wá. Àwọn kan ń pè é ní Bẹ́ljíọ̀mù, ṣùgbọ́n Tòkunbọ̀ ló dùn létí jù: ó sọ ọjà àlòkù di ọmọ tí wọ́n ń retí. Ìlàrá-Mọ̀kín tó múlé gbe Ìjàrè ni Michael Adé-Òjó ti wá, ẹni tó dá Elizade sílẹ̀ ní 1971, tó sì fi títa Toyota tuntun lókìkí. Toyota tí apá ọ̀pọ̀ aládùúgbò ká, ti Kùtọnú ni.

Àwọn jíìpù kékeré ló mú níní jíìpù dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe olówó. Suzuki ti ṣe Jimny láti 1970, ó ṣe Vitara ní 1988. RAV4 ti Toyota dé ní 1994, CR-V ti Honda ní 1995. Àwọn Suzuki ìgbà náà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn ń ṣiṣẹ́ ní jíà àfikún tó ń rọra fi agbára wọ́ mọ́tò jáde nínú ẹrẹ̀. RAV4 àti CR-V kò ní in. Táyà iwájú CR-V ló ń fà á. Àfi bí wọ́n bá ń yọ̀ ni ọ́ìlì yóò tó ti táyà ẹ̀yìn sẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn tó fún títì tí yìnyín bò ní Toronto. Kò tó fún ọ̀nà tí lọ́rì gẹdú ti gbẹ́ kòtò sí, tí ikùn mọ́tò ń jókòó lé ilẹ̀. Bó bá ṣe ti ọ̀nà oko ni, Suzuki ló yẹ kí wọ́n máa wá. Toyota ni ọjà yàn, nítorí páàtì rẹ̀ kún ìgboro, mẹkáníìkì sì mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn.

Orúkọ ara mọ́tò nìkan kò sì tó. RAV4 àti CR-V ti Amẹ́ríkà pín sí méjì: òmíràn, táyà iwájú nìkan ló ń wọ́ ọ. Ẹni tó mọ mọ́tò rà a dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́, bóyá ọ̀pá irin gígùn tí mẹkáníìkì ń pè ní propeller nà dé ẹ̀yìn. Abẹ́ yìí náà ni àbùkù ilẹ̀ yìnyín ń sá pamọ́ sí. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà a wọ inú férémù, irin a dógùn-ún, nígbà tí ọ̀dà òkè ṣì ń dán gbinrin. Bí abẹ́ àlòkù bá dúdú jù, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Òòlù ló ń tú u fó: irin tó yè a dún, èyí tó ti jẹrà a gba òòlù wọlé.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní, 2017, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó mọ́tò gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà, èbúté ojú omi bíi ti Èkó ni jíìpù tó bá òfin mu ń gbà kó tó dé Àkúrẹ́ àti Ìjàrè.