Ìròyìn Tí Ó Ń Kan Ilẹ̀kùn Fúnra Rẹ̀: Ìtàn Webhook àti Àká Dátà

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìròyìn ti ń gba ọ̀nà méjì dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Yálà kí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ dìde lọ bèèrè, tàbí kí ẹni tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ rán oníṣẹ́ wá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀ lè máa lọ sí ibùdókọ̀ lójoojúmọ́ láti bèèrè bóyá lẹ́tà dé. Ó sì lè jókòó sílé títí awakọ̀ yóò fi yà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí lẹ́tà bá dé. Ní ọ̀nà kìíní, ọrùn ẹni tí ń bèèrè ni wàhálà wà. Ní ọ̀nà kejì, ó bọ́ sí ọrùn ẹni tí ń ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn lè má jẹ́ oníṣẹ́ tòótọ́. Inú ọ̀rọ̀ ṣókí yìí ni ìtàn webhook wà, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ìsọfúnni láti òde fi ń wọ inú àká dátà àwọn ilé-iṣẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ lónìí.

Àká ni àgbẹ̀ ń kó irè oko sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àká dátà ṣe jẹ́ ibi tí a ń kó àkọsílẹ̀ oríṣiríṣi jọ sí, kí a lè fi wọ́n wé ara wọn kí a sì rí òótọ́ inú wọn. Ní 1988, Barry Devlin àti Paul Murphy kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà ilé-iṣẹ́ IBM, nínú èyí tí wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe lè kọ́ irú àká bẹ́ẹ̀. Ìwé tí W. H. Inmon ṣe jáde ní 1992 sì jẹ́ kí òkìkí rẹ̀ kàn kárí. Ní ayé ìgbà náà, òru ni wọ́n sábà máa ń kún àká. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ti relé, ètò kọ̀ǹpútà yóò lọ kó àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà láti inú àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, yóò sì dà á sínú àká. Èyí tó bẹ́ẹ̀, nítorí oko ẹni ni a ti ń kórè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ń gba owó fún ni, tí òmíràn sì ń kó ọjà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ẹni, ó di dandan láti máa gba irè láti oko ẹlòmíràn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1989, Tim Berners-Lee, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Geneva, kọ ìwé àbá kan tí ó di ìpìlẹ̀ wẹ́ẹ̀bù. Òfin ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wẹ́ẹ̀bù, tí à ń pè ní HTTP, kò ṣòro lóye: ẹni tí ó fẹ́ nǹkan ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ní nǹkan yóò dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ sì parí. Kọ̀ǹpútà tí ń dáhùn kò gbọdọ̀ dédé la ẹnu bí a kò bá bi í. Nípa báyìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan titun ti ṣẹlẹ̀ níláti máa bèèrè lemọ́lemọ́. Bí ètò kọ̀ǹpútà kan bá ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, yóò bèèrè ní ìgbà 1,440 ní ọjọ́ kan. Bí ó bá ṣe pé ìgbà mẹ́ta péré ni nǹkan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó kéré tán, ìrìn 1,437 ni ó rìn lásán. Ìròyìn tí ó sì rí gbà lè ti pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó gbọ́ ọ. Bí àwọn oníbàárà tí ń bèèrè báyìí bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ariwo ìbéèrè asán yóò bo ẹni tí ń dáhùn mọ́lẹ̀.

Àwọn kan ti ń wá ọ̀nà àbáyọ kí ọ̀nà náà tó ní orúkọ. Ṣáájú 2007 ni PayPal ní Amẹ́ríkà ti ń ránṣẹ́ tààrà sí kọ̀ǹpútà àwọn ọlọ́jà láti sọ fún wọn pé owó ti wọlé. Ní 2007 ni Jeff Lindsay, tí ó jẹ́ akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà, wá kọ̀wé tí ó fi pe irú ọ̀nà yìí ní webhook, tí ó sì rọ gbogbo ayé láti máa lò ó. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Láàárín àwọn akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà, ìkọ́ ni orúkọ tí wọ́n ń pe àyè tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹni kí ẹlòmíràn lè fi tirẹ̀ kọ́ ọ. Webhook, nígbà náà, ni ìkọ́ orí wẹ́ẹ̀bù. Kò sì sí òfin titun kankan nínú rẹ̀: ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ìròyìn fi àdírẹ́sì kan lélẹ̀, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ó ti máa ń dáhùn tẹ́lẹ̀ ni yóò wá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí yóò gbé ìròyìn náà lọ sí àdírẹ́sì yẹn. Àyè ni wọ́n pààrọ̀, òfin kò yí padà. Ní 2008, GitHub ń lo ọ̀nà yìí láti kéde iṣẹ́ titun tí àwọn akọ̀wé ètò bá kó wọlé. Ní 2009, Brad Fitzpatrick àti Brett Slatkin ní Google gbé PubSubHubbub jáde, èyí tí ó mú irú èrò kan náà bá ìròyìn àti àpilẹ̀kọ. Ní 2018, ẹgbẹ́ W3C fi ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìlànà, wọ́n sì pè é ní WebSub.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí Nàìjíríà. Ní 2015, Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá Paystack sílẹ̀ ní Èkó láti máa bá àwọn ọlọ́jà gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Stripe ti Amẹ́ríkà rà á ní 2020. Webhook ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń sọ fún ẹni tí ó ni owó pé owó ti wọlé. Ẹ jẹ́ kí a ro ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó san ₦60,000 owó ilé-ẹ̀kọ́ lórí fóònù. Báǹkì ti yọ owó, ṣùgbọ́n kí ojú ìwé tó padà sí ti ilé-ẹ̀kọ́, íntánẹ́ẹ̀tì já. Bí ó bá ṣe fóònù akẹ́kọ̀ọ́ náà nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ gbójú lé láti jẹ́ iṣẹ́, orúkọ ẹni tí ó ti sanwó yóò wà lára àwọn ajigbèsè, ó sì lè pàdánù ìdánwò rẹ̀. Níbi tí webhook bá wà, kọ̀ǹpútà tí ó gba owó ni yóò bá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ tààrà, fóònù ì báà kú pátápátá.

Ta ni ń kan ilẹ̀kùn? Ìbéèrè yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àdírẹ́sì náà lè fi irọ́ ránṣẹ́ pé òun ti sanwó. Ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, irun orí ìlàrí tí wọ́n fá lápá kan ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé oníṣẹ́ Aláàfin ni. Lórí wẹ́ẹ̀bù, PayPal kọ́kọ́ yàn pé kí ẹni tí ó gba iṣẹ́ gbé e padà tọ òun wá, kí ó bèèrè bóyá òun ni òun rán an. Ọ̀nà tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn náà ni ti òǹtẹ̀ HMAC, tí Hugo Krawczyk, Mihir Bellare àti Ran Canetti fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní 1997. Ẹni tí ń ránṣẹ́ àti ẹni tí ń gbà á jọ ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan. Ẹni tí ń ránṣẹ́ yóò fi kọ́kọ́rọ́ náà àti gbogbo ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ ṣe ìṣirò kan, yóò sì fi èsì rẹ̀ ṣe òǹtẹ̀. Ẹni tí ó gbà á yóò tún ìṣirò náà ṣe. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, irọ́ ni oníṣẹ́ náà ń pa, tàbí kí ẹnìkan ti yí ọ̀rọ̀ padà lọ́nà. Paystack àti GitHub ń lo irú òǹtẹ̀ yìí. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹyọ lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yí padà. Ètò tí ó bá tún ọ̀rọ̀ náà tò kí ó tó yẹ òǹtẹ̀ wò yóò lé oníṣẹ́ tòótọ́ padà. Stripe tilẹ̀ fi àkókò kún òǹtẹ̀ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jí iṣẹ́ àná gbé kí ó tún fi rán an lónìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ètò ìyẹ̀wò wọn sábà máa ń fún un.

Ìṣòro kejì ni ti iṣẹ́ tí ó sọnù àti iṣẹ́ tí a jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ń ránṣẹ́ kì í dúró pẹ́: GitHub ń retí ìdáhùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ṣe máa ń ṣe é ní ìpele: wọn a yẹ òǹtẹ̀ wò, wọn a fi iṣẹ́ náà pamọ́ bí ó ṣe dé, wọn a dáhùn pé ó ti dé, lẹ́yìn èyí ni wọn a tó ṣà á kí ó tó wọ àká. Bí ìdáhùn kò bá dé, Stripe a máa tún iṣẹ́ náà rán títí di ọjọ́ mẹ́ta; GitHub ní tirẹ̀ kì í dédé tún un rán. Ṣùgbọ́n ìdáhùn lè sọnù lọ́nà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ti dé. Nígbà náà, iṣẹ́ kan náà yóò dé lẹ́ẹ̀mejì, ₦60,000 yóò sì di ₦120,000 nínú ìwé. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà lára owó tàbí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a fi ń dènà èyí: èyí tí a bá ti kọ sílẹ̀, a kì í kọ ọ́ mọ́.

Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ibi tí ìtàn yìí já sí. Webhook kò lé ìbéèrè àtijọ́ kúrò nílé. Àwọn tí ó ń tọ́jú àká dáadáa ṣì máa ń lọ bèèrè lóru, kí wọ́n lè fi ohun tí oníṣẹ́ sọ wé ohun tí ó wà nínú ìwé ẹni tí ó rán an. Bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wà níbẹ̀ tí kò sí níhìn-ín, ilẹ̀ kò ní mọ́ kí wọ́n tó rí i.